Ìwé Tó Wà Nínú Dúrọ́ọ̀ Mi

"Ẹ jókòó, sà. Kí ni ká bá yín ṣe?"

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe ń fa àga fún un. Lánlọ́ọ̀dù wa àtijọ́ ló wọlé yẹn, ẹni tó da ẹrù ìyá mi síta nínú òjò nígbà tí ìdánwò àṣekágbá mi ku ọ̀la. Gbogbo ìwé mi rin gbingbin, mo sì fìdí rẹmi. Ọjọ́ náà ni mo búra pé màá gbẹ̀san. Ó wò mí lójú kòrókòró, kò tiẹ̀ dá mi mọ̀!

Olùrànlọ́wọ́ lọ́yà ni mí. Ọ̀gá mi obìnrin ló ń rojọ́. Èmi ni mò ń to fáìlì, tí mò ń tẹ ìwé ẹjọ́, tí mo sì ń gbé e lọ sí kóòtù kí gbèdéke tó pé. Àbúrò lánlọ́ọ̀dù ló pè é lẹ́jọ́, ó fẹ́ gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé ìdáhùn lánlọ́ọ̀dù sí ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ dé kóòtù kí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

"Ṣé o ti mú un lọ?" ọ̀gá mi bi mí.

"Ó ti débẹ̀, mà."

Irọ́ ni. Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà, lábẹ́ kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ọ̀gá mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, torí n kò já a kulẹ̀ rí. Adájọ́ ò rí ìdáhùn kankan, ló bá dá àbúrò láre; mo ní àwọn akọ̀wé kóòtù ló sọ ìwé náà nù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba ilé, mo wọ aṣọ tó dáa jù tí mo ní, mo lọ wòran. Lánlọ́ọ̀dù ti kó lọ sílé ọmọ rẹ̀ láti àná. Ẹrù àwọn ayálégbé ni àbúrò tó di onílé tuntun ń jù síta. Ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ń ṣa ìwé rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá a ṣà á.

"Ẹ ṣé, àǹtí. Ọ̀la ni ìdánwò mi. Ẹni tó fa èyí, màá gbẹ̀san lára ẹ̀."

Mo sáré padà sí ọ́fíìsì, mo yọ ìwé náà nínú dúrọ́ọ̀, mo kó o síwájú ọ̀gá mi, mo jẹ́wọ́.

"Àwọn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ lo lé síta," ló wí. "Kó kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀."

Ọ̀gá mi ti lọ bẹ kóòtù kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Èmi ò níṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi iṣẹ́ tí wọ́n fọkàn tán yín fi lé yín lọ́wọ́ gbẹ̀san. Ẹni tí mo fẹ́ fìyà jẹ ń sùn nílé ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí n kò mọ̀ rí ló ń wá mi báyìí.