Wajawaja Ìborùn Mànílà

"Ṣìkẹ́mi, ta ló ta kókó wajawaja yìí?"

Aunty Rẹ̀mílẹ́kún, àbúrò màmá rẹ̀ tó gbà á tọ́ ní Decatur lókè òkun, gbé ìborùn sílíìkì náà sókè níwájú fèrèsé. Ọ̀sán Thursday ni. Ọ̀tunla ni àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ iléèwé.

"Èmi ni, ma."

Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé oṣù mẹ́ta ló fi abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ ara rẹ̀ kó òdòdó pupa sára aṣọ náà. Irú ìborùn tí àwọn obìnrin Seville ní ilẹ̀ Sípéènì máa ń dà bora lọ́jọ́ ọdún ni. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é, ọkọ̀ ojú omi sì gbé e gba èbúté Mànílà, tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, dé Sípéènì. Àwọn ayàwòrán yà á títí, àwọn aránṣọ Paris sì mú wajawaja rẹ̀ sétí ẹ̀wù tiwọn. Gbogbo èyí ni Ṣìkẹ́mi kọ sínú ìwé tó máa bá aṣọ náà lọ. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní máa kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní West End nígbà ìsinmi. Òfin kan ṣoṣo ló wà: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kókó wajawaja lé ní ẹgbẹ̀rún, ó sì sú u. Mọ́tọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Girl, ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán, kó o fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ta ló fẹ́ mọ̀?" Ó gbà.

Inú Aunty dùn gan-an. "Ọwọ́ rẹ mà dáa o! Màmá mi máa ń ṣe wajawaja sétí aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn. Mi ò jókòó kọ́ ọ títí wọ́n fi dágbére fáyé." Ó fa àga, ó jókòó. "Ó yá, tíṣà mi, kọ́ mi."

Èébú ì bá rọrùn fún Ṣìkẹ́mi ju ìyìn yìí lọ.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rà á ni. Gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́."

Aunty fa etí aṣọ náà wò. "Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, gọ́ọ̀mù lo dà sí i lára? Gbé scissors wá."

Gọ́ọ̀mù ti gan mọ́ sílíìkì. Ó di dandan kí Ṣìkẹ́mi gé etí aṣọ náà yíká, tòun ti òdòdó mẹ́sàn-án. Ó sunkún bó ṣe ń gé e. Aunty pe ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, ó yọ̀ǹda shift ọjọ́ Friday fún ẹlòmíràn, ó sì jókòó tì í bó ṣe ń ta kókó tuntun. Kò fọwọ́ kan ìborùn náà, nítorí òfin. Àjákù tí Ṣìkẹ́mi gé kúrò ni òun fi ń kọ́ kókó, kí ọmọ má baà dá jókòó, kí aṣọ má sì ṣòfò.

Nígbà tí Saturday fi dé, ẹ̀gbẹ́ kan péré nínú mẹ́rin ló parí. Ṣìkẹ́mi kọ ọ́ gbangba sínú ìwé rẹ̀ pé: "Mo lẹ wajawaja tí mo rà, mo sì ti gé e kúrò. Wajawaja ẹ̀gbẹ́ kan yìí ni mo fọwọ́ ara mi ta." Ipò kẹrin ló ṣe. Ẹlòmíràn ló lọ sí West End.

Nínú mọ́tò, Ṣìkẹ́mi ní, "Aunty, ẹ ṣeun."

"Ọpẹ́ kí nìyẹn? Ṣé o gba ẹ̀bùn ni?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n dúró ti irọ́ níwájú gbogbo wọn."

Aunty rẹ́rìn-ín. "Ó ku ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ìyá kókó."

Wọ́n parí rẹ̀ lóṣù méjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ọwọ́ kò ní ọ̀nà àbùjá: ẹni tó bá sá fún un lónìí máa ṣe é ní ìlọ́po méjì lọ́la. Ẹni tó bá sì bá wa wí, tó tún jókòó tì wá títí a fi tún un ṣe, olóore wa ni. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.