Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Bàtà Fi Ń Sọ̀ Kalẹ̀

Ọjọ́ tí Ṣúmékà kọ́kọ́ rí i, èjìká ni bàtà rẹ̀ wà, kò sí lẹ́sẹ̀. Obìnrin gíga kan, tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́ṣin, ló ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, tó gbé bàtà gígùn dúdú méjì kọ́ èjìká bí ẹni gbé ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó, síbẹ̀ kò tiro. Ṣúmékà fi òòlu sílẹ̀ lórí awọ tó ń lu, ó sì gbàgbé ibi tó lu ún dé.

"Ẹ káàárọ̀ o," obìnrin náà ní, ó gbé bàtà lé orí tábìlì. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ bàtà ẹlẹ́ṣin rán. Ẹ wo ohun tí wọ́n tà fún mi."

Ṣúmékà yí bàtà náà síwá sẹ́yìn. Ó fẹ̀ jù lẹ́yìn ojúgun, ó kúrú, ó sì le níbi gìgísẹ̀.

"Bàtà yìí ò burú," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n rán an fún."

"Ta ni onítọ̀hún? Kí n lọ bẹ̀ ẹ́ kó gba tiẹ̀, kó fún mi ní tèmi."

Ìyá Ṣúmékà, tó ń rán awọ fẹ́lẹ́ inú bàtà ní igun ṣọ́ọ̀bù, rẹ́rìn-ín.

Ṣúmékà kò wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ní kó lọ gun ẹṣin rẹ̀ tán, kó padà wá lọ́sàn-án, nítorí ẹsẹ̀ àárọ̀ kọ́ ni ẹsẹ̀ ọ̀sán. Ó máa ń wú. Nígbà tó padà dé, ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí tí obìnrin náà jókòó lé, ó fi tépù yí ẹsẹ̀ kan ká, ó tún yí èkejì.

"Ẹsẹ̀ òsì yín fi díẹ̀ tóbi ju ọ̀tún lọ."

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó máa fẹ́ mi ò tíì mọ̀."

"Ṣé onítọ̀hún ti wà ni?" Ojú rẹ̀ kò kúrò lára tépù.

"Bàbá mi ní ẹṣin ni ọkọ mi."

Láti ọjọ́ náà ni Ṣúmékà ti ń pè é ní Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí, kò tíì láya, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an ló kó bá a.

Bàbá Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ló kọ́ ọ ní gígun ẹṣin, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, nítorí ìdíje fífi ẹṣin fo igi tó máa wáyé ní ìparí ọdún yẹn. Ẹlẹ́ṣin mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ mú tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè wọn lókè òkun. Ẹni tí kò bá sì wọ bàtà gígùn dúdú, àwọn adájọ́ ò ní jẹ́ kó wọ pápá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bàtà parí. Ó ń dán, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì di ẹsẹ̀ mú láìfún un. Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

"Ó dáa gan-an. Àmọ́ ó ń ta mí níbí." Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo aránbàtà tó mọṣẹ́ mọ̀. Bàtà gígùn tuntun gbọ́dọ̀ fi ìka méjì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹni tó ni ín bá ti ń wọ̀ ọ́, awọ á máa ká ní ọrùn ẹsẹ̀, bàtà á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, á dúró síbi tó yẹ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí Ṣúmékà sọ: "Ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ, á sọ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó rí ojú obìnrin yìí, ó sì rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, á gbé bàtà rẹ̀, á dúpẹ́, ó dìgbóṣe nìyẹn.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Màá tún un wò. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀."

Irọ́ kékeré ni, ìfẹ́ ló sì bí i. Ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Báyìí ni Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ṣe wá ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin. Ó máa ń mú ọsàn wá, á jókòó lórí àpótí, á máa sọ ti ẹṣin rẹ̀ tó ń bẹ̀rù agboòrùn bí ẹni rí ejò. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ" láàárín wọn. Á wọ bàtà náà, á ní ó ṣì ń ta òun. Ṣúmékà á mi orí bí oníṣẹ́ gidi, á ní kó fi sílẹ̀. Tó bá lọ tán, á nù ún, á fi kọ́. Kò fọwọ́ kan òwú kan lára rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló sì ń sún un sí èyí tó ń bọ̀.

"Ọmọ mi," ìyá rẹ̀ ní lọ́jọ́ kan, "bàtà yẹn ti tó. Bí ọmọ yẹn bá wù ọ́, sọ fún un. Má fi bàtà dá a dúró."

"Mo gbọ́, ìyá mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́, kò kàn gbà ni.

Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ibi tó tún lè sún un sí. Ó gbé bàtà fún un. Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ fi gun ẹṣin lọ́jọ́ kan péré, ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ bó yánmayànma. Láàárọ̀ ìdíje, bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló yá wọ̀, èyí tó fẹ̀ bí àpò. Níbi tó ti fẹ́ fo igi kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí nínú bàtà, ó yọ̀ kúrò lórí irin tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì. Ẹṣin fò, òun sì já lulẹ̀, ó fi orúnkún òsì gúnlẹ̀. Ṣúmékà wà lẹ́yìn ọgbà. Ó rí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Ọjọ́ kẹta ló lọ sí ọsibítù. Bàbá Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Ṣúmékà dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

"Bàbá, bàtà yẹn ti pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kó máa wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mo mọ̀. Mo dá a dúró kí n lè máa rí i ni."

Bàbá wo orúnkún ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ọmọ yìí," ó ní, kò pariwo. "Ìwọ fi Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin gbà á lọ́wọ́ wa."

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kọjú sí ògiri. "Máa lọ," ó ní.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe; ta wá ni Ṣúmékà? Ó gbọ́ pé orúnkún náà jinná, ṣùgbọ́n kò ní lè fo igi mọ́. Ó gbọ́ pé ẹlòmíì ti ń gun ẹṣin tó ń bẹ̀rù agboòrùn. Láti ìgbà náà, oníbàárà tó bá wá gba bàtà gígùn, kó tó jókòó ni Ṣúmékà ti máa ń sọ fún un pé, "Á ta yín o, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ, á sọ̀." Ìyá rẹ̀ kò sọ pé ṣebí òun wí. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ì bá fúyẹ́ fún Ṣúmékà.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lójú títì, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ló wọlé. Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

Ìyá Ṣúmékà ní káàbọ̀, ó ní òun ń lọ ra òwú. Òwú kún orí pẹpẹ dé àjà.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ jókòó lórí àpótí rẹ̀ àtijọ́, ó na ẹsẹ̀. Etí bàtà dúró sábẹ́ orúnkún rẹ̀ géérégé.

"Inú ilé ni mo ti ń wọ̀ ọ́," ó ní. "Láti yàrá dé ìdáná, láti ìdáná dé yàrá. Mo fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó máa gbà."

"Mélòó ló gbà?"

"Mọ́kànlá."

Ṣúmékà sọ orí kodò. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́."

"Ẹṣin yẹn dùn mí, kí n má purọ́. Á sì máa dùn mí. Àmọ́ ṣé o mọ èyí tó dùn mí jù? Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé á sọ̀, pé kí n ṣáà máa yà kí ọ, ǹ bá máa wá. Mi ò nílò bàtà kí n tó wá síbí."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ̀ ọ́ lára jù. Gbogbo ohun tó jí, ọ̀fẹ́ ni wọn ì bá fún un.

"Bàbá ńkọ́?" Ṣúmékà béèrè.

"Wọ́n ṣì ń bínú. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ṣì ń bínú. Wọ́n tún ní bàtà àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní gígun ẹṣin báyìí ò dáa, ṣé o lè wá wọ̀n wọ́n." Ó wò ó tààrà. "Ó yá, sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ láti ọjọ́ yẹn."

Ṣúmékà kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí. "Mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi. Mi ò sì ní fi òótọ́ pamọ́ fún ọ mọ́, bó ti wù kó kéré tó."

"Ó ń ta mí," Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ní.

Ọwọ́ Ṣúmékà sáré lọ síbi bàtà. Obìnrin náà di ọwọ́ ọ̀hún mú, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀. "Ibí ni. Mo gbà láti fẹ́ ọ. Àmọ́ ó lè ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ kó tó sọ̀ o."

"Mo mọ̀. Màá dúró."

"Ó dáa. Bá mi bọ́ ọ."

Ó bọ́ ti òsì ṣáájú, jẹ́jẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà dé láìra òwú kankan, ó bá bàtà gígùn méjì lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ tiẹ̀ náà sílẹ̀, ó wọlé.