Ìsinmi Olúgbémi Létí Òkun

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan, ará Àpòmù. Kì í ṣe olè. Kò pa ènìyàn rí. Ìgbéraga ló fẹ́ gbé e lọ.

Olúgbémi lorúkọ rẹ̀. Kòkó ló ń rà. Nígbà tí ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, tí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í rà á fúnra rẹ̀, Olúgbémi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo. Kò pẹ́ tó fi ní sítọ̀ọ̀ méjì, ọ̀kan ní Àpòmù, ọ̀kan ní Ìkirè. Bí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bá ń kọjá ní Wásinmi, àwọn àgbẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n láti òkèèrè.

Ìyá rẹ̀, Màmá Susannah, kì í pa ìsìn jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún Olúgbémi ní kékeré. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ba nǹkan, kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá pàdé àlùfáà lójú ọ̀nà, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà o, ẹ̀yin lẹ ráyè." Á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lóṣù kọkànlá ọdún 1988, àìsàn dá Màmá Susannah wó. Ikọ́ kò jẹ́ kó sùn, yàrá rẹ̀ sì fara ti yàrá ọmọ rẹ̀. Ara Olúgbémi fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Dókítà kan ní Ìkirè ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó sì fún un lóògùn. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó bá jù ú sínú ọkọ̀, ó gbàgbé rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè é.

"Olúgbémi, ọmọ mi, ara yìí ò ṣe é gbójú lé mọ́. Bá mi jókòó fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

"Màmá, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé lẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ Ọlọ́run," ni Olúgbémi fèsì. "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀nà tí mò ń lọ dé ná, ẹ ó wá sọ ọ́."

Ó sọ fún Adérónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, pé Ìdànrè lòun ń lọ, òun fẹ́ lọ ra kòkó, òun á lo ọjọ́ mẹ́fà.

"Bàbá Ajíbọ́lá," ni Adérónkẹ́ wí, "ẹ wo bí Màmá ṣe rí. Ẹ sọ ilé tẹ́ ẹ máa dé sí fún wa, ká lè ránṣẹ́ sí yín."

"Ta ni ò mọ̀ mí ní Ìdànrè?"

Irọ́ ni. Kò dorí kọ Ìdànrè rárá. Ọ̀nà Ìbàdàn ló gbà, ó kọjá lórí afárá Aṣéjìrẹ́, ó sì wakọ̀ títí ó fi dé Èkó, títí ó fi dé etí òkun. Ìsinmi ló ń wá, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pe orúkọ rẹ̀.

Inú ọgbà ńlá kan ni ibi ìsinmi náà wà. Ògiri yí ọgbà náà ká bí ìlú olódi. Bí ènìyàn bá wọlé, yóò kọ́kọ́ rí òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́jọ, omi ìlúwẹ̀ẹ́, ilé oúnjẹ lóríṣiríṣi, àti ilé àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ epo. Ariwo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun ọgbà, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, ilé kéékèèké mẹ́fà kọjú sí òkun, wọ́n jìnnà síra. Àwọn tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ ló ń gbé níbẹ̀. Bí àlejò bá fi pátákó pélébé kan kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí òṣìṣẹ́ tó gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn náà.

Ọ̀kan nínú ilé mẹ́fà yìí ni Olúgbémi gbà. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn tó fi jẹ́ pé ènìyàn kì í gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì fẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń gbé ẹja yíyan àti ọtí tútù tọ̀ ọ́ wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sùn bí ọmọ tuntun. Kò rántí ikọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá gba aṣọ tó fẹ́ fọ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ojú rẹ̀ tàn.

"Olúgbémi Àpòmù! Ṣé o ò mọ̀ mí? Obadiah ni. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí nílé ìwé ní Ìkirè."

Ó na ọwọ́. Olúgbémi wo ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó yẹn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Dòdò Ìkirè tí ìyá Obadiah ń tà ni wọ́n jọ máa ń jẹ lọ́nà ilé ìwé.

"N ò mọ̀ ọ́," ló sọ. "Ta ló ní kí o máa pe orúkọ mi? Gba aṣọ kí o máa lọ. Tí o bá fọ agbádá yẹn tán, ẹnu ọ̀nà ni kí o gbé e sí. Má kan ilẹ̀kùn mi."

Obadiah ká ọwọ́ rẹ̀ kò. "Ẹ má bínú, sà," ló wí, ó sì kó aṣọ náà lọ. Olúgbémi fi pátákó kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọjọ́bọ̀, ó dìde kó lọ wẹ̀. Bó ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà kò dá a lóhùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fì bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Ó ṣubú sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti àga. Ó fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ìró kan bí ìkérora ẹran ló jáde.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Tẹlifóònù wà lórí tábìlì, kò ju ìnasẹ̀ méjì lọ sí orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí Ìdànrè ló ṣe jìnnà sí i. Òkun ń hó lóde. Ìtọ̀ bọ́ lára rẹ̀, kò lè dá a dúró. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó rọra rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gun orí àyà rẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Obadiah ni. Ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Olúgbémi gbọ́ nígbà tó gbé aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ òsì lu ilẹ̀, ó tún lù ú, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì gbé ìró náà mì. Orin náà jìnnà, ó sì dákẹ́.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á. Kò sí ẹnì kan nílé tó mọ ibi tí òun wà, òun fúnra òun ló sì tò ó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ gbàdúrà. Ó wá àdúrà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní kékeré, ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ ló rí, ìyókù ti lọ. Ó ń sunkún láìsí ohùn.

Obadiah ló sọ ìyókù fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní òun ń lọ aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkàn òun kò sì balẹ̀. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́rin, ó padà lọ wò ó. Agbádá ṣì wà níbi tó gbé e sí. Pátákó ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n lè lé e lẹ́nu iṣẹ́ bó bá yọ àlejò náà lẹ́nu, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó yí lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí òkun, ó fi ọwọ́ bo ojú yọjú wolé, ó sì rí ẹsẹ̀ ènìyàn nílẹ̀.

Wọ́n gbé Olúgbémi lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kò ní kú, ṣùgbọ́n ìlàjì ara rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àdírẹ́sì tó kọ sílẹ̀ fún àwọn onílé ìsinmi kì í ṣe tirẹ̀. Obadiah nìkan ló lè sọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Lójoojúmọ́ tí Obadiah bá ti parí iṣẹ́, ó ń wá síbẹ̀. Ó ń nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ mímu. Olúgbémi kì í wo ojú rẹ̀. Ògiri ló máa ń kọjú sí.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi Obadiah pé, ó wọkọ̀ lọ sí Àpòmù. Adérónkẹ́ ló bá a padà wá. Aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò lè sọ̀rọ̀.

"Olúgbémi," ni Obadiah wí, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, "Màmá ti lọ. Ọjọ́bọ̀ yẹn ni, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìdànrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kéde rẹ lórí rédíò. Nígbà tí wọn ò rí ọ, wọ́n sin Màmá ní Sátidé. Àlàbá, àbúrò rẹ, ló bu iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí dípò rẹ."

Adérónkẹ́ wá rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Màmá bèèrè yín títí. Nígbà tó yá, wọn ò bi wá mọ́, Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, 'Olúwa, n ò mọ ibi tí ọmọ mi wà. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Má jẹ̀ẹ́ kó kú síbẹ̀.' Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ míì mọ́."

Aago mẹ́rin. Obadiah rántí pé aago náà ni òun yọjú lójú fèrèsé. Èmi tí mò ń kọ èyí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ Ẹni tó wà níbi méjèèjì.

Fún ọjọ́ mẹ́ta Olúgbémi kò la ẹnu fún oúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, Obadiah fa àga sún mọ́ ọn.

"Ọ̀rẹ́ mi, n ò wá bá ọ wí. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ olè tí wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù fún ọ. Ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò lè lọ dá ohun tó jí padà. Kò lè ṣe iṣẹ́ rere kan ṣoṣo. Ó kàn bẹ Jésù ni, Jésù sì gbà á."

Olúgbémi gbé ọwọ́ òsì, ó fi kan ẹnu rẹ̀ tó wọ́, ó sì mi orí.

Ó yé Obadiah. "Olè yẹn ní ẹnu, ìwọ ò ní. Àbí? Kò já mọ́ nǹkan. Ṣé ohùn rẹ ni Ọlọ́run gbọ́ lọ́jọ́ tí o wà nílẹ̀ níjọ́sí? Jésù kú fún agbéraga. Ó kú fún ọmọ tó sá fún ìyá rẹ̀. Tí o bá fẹ́ fi ara rẹ lé e lọ́wọ́, tí o fẹ́ kó dárí jì ọ́, fún ọwọ́ mi pọ̀."

Ọwọ́ náà kò kọ́kọ́ mira. Lẹ́yìn náà ó fún un, ó sì dì í mú tó fi dun Obadiah, kò sì jọ̀ ọ́ lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ Obadiah tó kọ̀ láti bọ̀ létí òkun ló dì mú yìí.

Ọ̀rẹ́, n ò ní parọ́ fún ọ pé gbogbo nǹkan padà sípò. Ọwọ́ ọ̀tún Olúgbémi kò jí mọ́ títí di òní. Oṣù kẹrin ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, orúkọ Jésù ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá ń kólòlò pé, "Adérónkẹ́, forí jì mí." Adérónkẹ́ kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì kọjá kó tó lè sọ pé òun ti dárí jì í. Àlàbá ló ń di apá rẹ̀ mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Bí wọ́n bá dé, á ní kí wọ́n gbé àga òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá òun nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà fẹ́ bá a sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́sí, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún un mọ́. Ó mọ̀ pé a ti dárí ji òun, síbẹ̀ ó ń sunkún.

Ìwọ tí o ń ka èyí ńkọ́? Bóyá o kò ní sítọ̀ọ̀ kòkó, o kò sì mọ etí òkun. Ṣùgbọ́n o ti sọ fún Ọlọ́run rí pé kó dúró ná, pé bí o bá ti ọ̀nà kan dé, ẹ ó jọ sọ̀rọ̀. Ta ló fún ọ ní ìdánilójú pé o máa dé? Olúgbémi rí Obadiah. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ṣubú lọ́jọ́ kan náà tí ẹnikẹ́ni kò yọjú wò wọ́n.

Má ṣe dúró di ọjọ́ tí àdúrà yóò sọnù lórí ahọ́n rẹ. Níbi tí o jókòó sí yìí, pè é. Sọ fún un pé, "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, n kò lè ran ara mi lọ́wọ́, gbà mí." Má wá ọ̀rọ̀ tó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n òní ni kí o sọ ọ́.