Ọkọ̀ Tí Imú Rẹ̀ Dí

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sún mọ́ra. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo fẹ́ sọ, torí èmi ni mo wa ọkọ̀ náà.

Ọmọ-ọmọ mi ń jẹ́ Neda. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, fífò ló fò dìde lórí ibùsùn. Tì! Tì! Tì!

À ń lọ sórí òkè Tara. Neda ní pákó tuntun tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Pákó ọ̀hún ò tíì fojú kan yìnyín rí.

Inú ọkọ̀ pupa wa la máa sùn. Ó ní ibùsùn, ó ní sítóòfù kékeré. Ó kù díẹ̀ kó dàgbà tó mi. Tó bá ń gun òkè, á ní pùkẹ̀-pùkẹ̀-pùkẹ̀.

A débẹ̀. Òtútù mú! Kẹ̀kẹ̀kẹ̀, eyín mi ń lu ara wọn.

Ìyàwó mi, Stamena, ìyá àgbà Neda, kò bẹ̀rù ìkookò. Promaja ló ń bẹ̀rù. Promaja ni atẹ́gùn tó bá gba ihò kan wọlé, tó gba òmíì jáde. Ọrùn ń dùn ẹ́? Promaja ni. Eyín ń dùn ẹ́? Promaja náà ni.

Stamena bá kó ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn jáde. Ó rí ihò kan, ó dí i. Ó rí òmíì, ó dí i. Ó wá ku ihò orí òrùlé. Fìlà mi ló ki bọ̀ ọ́. Fìlà mi o!

A gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà kaná. Ara wa móoru.

Àfi tó! Tó! Tó!

Fèrèsé ń sunkún. Omi ń kán sórí ibùsùn. Ibùsùn tutù rinrin.

Mo ní tí ibùsùn ò bá gbẹ kí oòrùn tó wọ̀, ilé yá. Neda di pákó rẹ̀ mú.

Ó wo fèrèsé. Ó mí sí i. Hàà! Omi.

“Màmá àgbà, èémí wa ló ń domi. Kò ríbi jáde. Imú ọkọ̀ wa ti dí.”

Stamena ní promaja á gbé ọrùn òun lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. Mo yára yíjú sí ọbẹ̀.

Neda ní òun á jókòó sábẹ́ ihò náà fúnra òun. Stamena dé fìlà méjì fún un. Ni Neda bá na ọwọ́, ó fa fìlà mi yọ.

Fúù!

Stamena di ọrùn mú. A tún tan sítóòfù, mo nu fèrèsé. Gbogbo wa ń retí.

Tó... tó... tó...

Kẹ́kẹ́ pa.

Kí oòrùn tó wọ̀, ibùsùn ti gbẹ. Ó gbóná bíi búrẹ́dì tuntun!

Lọ́jọ́ kejì, Neda gun pákó rẹ̀. Fíìììì! Ta ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀? Stamena ni. Atẹ́gùn ń gbá a lójú, ó ń ní ká tún un ṣe.

Mo ní promaja ńkọ́?

Ó ní, “Bàbá yìí, ìta la wà. Ṣé promaja ń wà níta ni?”

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ló ń mú ilé yín móoru? Ẹ ní kí ẹni tó ń kàwé fún yín bá yín kọ ọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni kó jẹ́ o. Èmi ń bẹ nílé, mò ń sá fìlà mi.