Hángà Tí Tiwa Fi Pa Ẹ̀rọ Amúlétutù

Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá Tiwa kọ́kọ́ kùn, ó gbọ̀n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo gàràgàrà bí ẹ̀rọ ìlọta. Stephanie ju ìwé Báyọ́lọ́jì rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi ìka di etí méjèèjì.

“Tiwa, ṣé AC nìyí àbí ẹ̀rọ ata? Tẹ́ ò bá ṣọ́ra, àwọn ará Mile 12 máa kó tòmátì wá bá yín nílé.”

Tiwa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì ni òun àti Stephanie ti ń ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀sítéètì kan náà ni wọ́n ń gbé ní Ìkòsí, ilé wọn dojú kọra, àwọn òbí Stephanie sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra AC tuntun sí gbogbo yàrá, irú èyí tí èèyàn ò ní í mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ àfi tí òtútù bá mú un. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń kàwé fún ìdánwò WAEC, kò sí ọjọ́ tí Stephanie kì í fi ẹ̀rọ ilé Tiwa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì. “Madam Ẹ̀rọ Ata” ni wọ́n ń pe Tiwa níléèwé báyìí.

“Sọ fún Daddy yín kí wọ́n ra òmíràn.”

“Mo ti sọ ọ́ títí. Wọ́n ní ó dìgbà tó bá kú.”

“Ṣé kò lè tètè kú ni?” Stephanie bi í, ó sì gbé ìwé rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Tiwa gbé e sọ́kàn.

Ní ọjọ́ Sátidé, Muideen wá fọ ẹ̀rọ náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Muideen, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kẹ́tu, òun ló sì ń tún AC ilé wọn ṣe láti ìgbà tí Tiwa ti wà ní pírámárì. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Tí kò bá sọ̀rọ̀, á máa súfèé. Dókítà ló máa ń pe Tiwa, nítorí ọmọ náà sọ fún un nígbà kan rí pé iṣẹ́ dókítà lòun fẹ́ ṣe. Ó ń fi omi fọ àpótí ti ìta tó wà ní bálíkónì nígbà tí Tiwa wá dúró tì í.

“Uncle Muideen, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé AC ti tó pààrọ̀?”

“Dókítà fẹ́ mọ àmì àìsàn.” Muideen rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Tó bá ń mu gáàsì bí ọ̀mùtí, tí mo rọ ọ́ lóṣù yìí, tó tún ti gbẹ lóṣù tó ń bọ̀, ó ti ń lọ nìyẹn. Tó bá ń já bíréékà ṣáá, tó ń rùn bíi wáyà tó jóná, ẹ pa á, ẹ má tún tàn án. Tí ohun tẹ́ ẹ máa ná sórí àtúnṣe bá ti fẹ́ ra tuntun, kí lẹ tún ń wá lára ẹ̀? Tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá wá kú, ọkàn ẹ̀ ló kú yẹn.”

“Èyí ńkọ́?”

Muideen fọwọ́ gbá àpótí náà. “Èyí? Ariwo lásán ló ń pa. Rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ló ti jẹ tán, ìyẹn ló ṣe ń gbọ̀n. Màá wá òmíràn ní Owódé Onírin. Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ, ó ṣì máa rí ẹ wọ yunifásítì.”

Inú Tiwa bàjẹ́. Ohun tó ń retí ni kí Muideen ní ó ti kú tán.

Ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òbí rẹ̀ dúró ṣèpàdé, òun nìkan ló wá sílé. Ó yọ hángà onírin kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó nà án títí ó fi gùn gbọọrọ. Ẹ̀rọ náà wà ní pípa. Ó ki hángà náà bọ inú àpótí ti ìta láti ojú ihò rẹ̀, ó fi há àárín fáànù, ó sì padà sínú yàrá lọ tẹ rìmóòtù.

Gbà.

Bálíkónì mì. Bíléèdì fáànù náà fọ́ yángá, àfọ́kù kan gba ojú ihò jáde, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì ha Tiwa lẹ́rẹ̀kẹ́. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣì ń pariwo, kò sí atẹ́gùn tí yóò tù ú, ó gbóná títí òórùn jíjóná fi gba yàrá, kí bíréékà tó já wálẹ̀. Tiwa fa hángà náà yọ, ó ti lọ́ pọ̀, ó sì tì í sábẹ́ mátíréèsì. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀. Ó wá kọ ránṣẹ́ sí Stephanie pé: “Mo ti fi hángà pa á o.” Stephanie fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ẹ̀rín rẹpẹtẹ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Muideen dé ní ìrọ̀lẹ́ nítorí wọ́n pè é pé ẹ̀rọ náà ò tàn mọ́, ó ń súfèé bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyì Oyèwùmí, bàbá Tiwa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì tú táì. Kí n má parọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ òun ni alága ètò ààbò ẹ̀sítéètì, orí rẹ̀ sì ń gbóná láti ìgbà tí ẹnì kan tó ní òun ń tún AC ṣe ti yọ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ìyá àgbà kan lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, tó gbé e sá lọ. Ó ti búra lórí WhatsApp àwọn onílé pé èyí tí ọwọ́ òun bá tẹ̀ nínú wọn yóò fojú winá.

Muideen ṣí àpótí náà. Ó rí bíléèdì tó fọ́, súfèé rẹ̀ sì dúró.

“Ọ̀gá, nǹkan ló wọ inú fáànù yìí o. Kì í dédé fọ́ báyìí.”

“Nǹkan wo? Ta ló máa ki nǹkan bọ̀ ọ́ nínú ilé mi?”

“Mi ò mọ̀, sà. Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.”

“Èmi mọ̀. Ìwọ lo fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. O bà á jẹ́ ní Sátidé kí n lè pè ẹ́ wá ta tuntun fún mi.”

“Ọ̀gá, Sátidé yẹn náà ni mo sọ fún Dókítà pé…”

Ìfọ́tí kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Muideen kọsẹ̀, ó forí gbá ògiri. Bàbá Tiwa gbé fóònù sẹ́nu, ó sì sọ̀rọ̀ sórí WhatsApp: “Mo ti mú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ máa bọ̀ nílé mi.”

Wọ́n wá lóòótọ́. Àwọn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọmọọ̀ta o. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọ̀kan jẹ́ díákónì, òmíràn ṣì wọ bàtà ọ́fíìsì tó ń dán. Wọ́n di Muideen lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, orí rẹ̀ ń gbá àtẹ̀gùn, kò, kò, kò, títí wọ́n fi dé ilẹ̀ kọnkéré. Wọ́n fi bẹ́líìtì nà án. Wọ́n fi páìpù nà án. Wọ́n ta á nípàá níhà, ẹ̀jẹ̀ dà lẹ́nu rẹ̀, eyín kan sì bá a jáde. “Ẹ̀yin bàbá, mi ò mọ nǹkan kan,” ló ń wí ṣáá. Mummy Tiwa sáré jáde, ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú.

“Daddy Tiwa, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n máa pa á.”

Ọkọ rẹ̀ já ara rẹ̀ gbà. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ wá táyà wá.

Lókè, Tiwa dúró ní fèrèsé. Fóònù rẹ̀ dún, Stephanie ni, tí òun náà ń wò ó láti fèrèsé ilé wọn: “Má sọ nǹkan kan o. Wọ́n á kàn lé e lọ ni. Tó o bá jẹ́wọ́, Daddy yín máa pa ẹ́.” Tiwa ka ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbà á gbọ́ nítorí ó wù ú láti gbà á gbọ́. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ bà á ju ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ. Ó dúró.

Ibi ìdúró yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Muideen fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀ kó lè dìde. Ṣẹ́gun, olórí àwọn mẹ́gádì, gbé bàtà ńlá rẹ̀ lé ọwọ́ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. “Ọwọ́ tó ń ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́ nìyí,” ló wí. Egungun fọ́. Tiwa gbọ́ ọ láti òkè. Bí Muideen sì ṣe ń yí gbirigbiri pẹ̀lú ìrora, ohun dúdú kan jábọ́ lápò rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀: rọ́bà tuntun, èyí tó lọ rà ní Owódé Onírin.

Nígbà tí Tiwa rí rọ́bà yẹn, kò lè dúró mọ́. Ó fa hángà yọ lábẹ́ mátíréèsì, ó fò sọ̀kalẹ̀.

“Èmi ni. Daddy, èmi ni mo bà á jẹ́.”

Ta ló gbọ́ ọ nínú ariwo yẹn? Bàbá rẹ̀ ti gba sípánà ńlá nínú àpótí irinṣẹ́ Muideen, ó gbé e sókè. Tiwa ju ara rẹ̀ lé Muideen. Sípánà náà balẹ̀ sí èjìká ọ̀tún rẹ̀, ó dún bí igi gbígbẹ tó kán, ó sì bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Àwọn tó yí wọn ká fà sẹ́yìn. Tiwa na hángà náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ó ti lọ́, àfọ́kù ike bíléèdì ṣì wà lára rẹ̀. “Hángà ni mo kì bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ lè ra tuntun,” ó wí. “Uncle Muideen ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní kò tíì tó pààrọ̀.”

Ọ̀kọ̀ọ̀kan làwọn tó ń lù ú yọ́ lọ. Díákónì ló kọ́kọ́ lọ.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún Muideen, èyí tó tẹ̀ lé e kò sì ká mọ́. Ọlọ́pàá mú Ṣẹ́gun àti bàbá Tiwa, ẹjọ́ wọn ṣì wà ní kọ́ọ̀tù. Nígbà tí wọ́n gba bàbá náà sílẹ̀ pẹ̀lú onígbọ̀wọ́, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Muideen, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èèyàn, ó ń sunkún. Adédiwúrà, ìyàwó Muideen, wò ó.

“Ẹ dìde, sà,” ló wí. “Ìdọ̀bálẹ̀ yín ò lè bá a fi sípánà fún nọ́ọ̀tì.”

Tiwa kò ṣe WAEC lọ́dún yẹn. Èjìká tó kán ni ti ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé. Stephanie ṣe tirẹ̀, kò sì wá kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí Muideen tó tún gun àtẹ̀gùn yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ wá parí iṣẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló bà á jẹ́. Kò súfèé. Mummy gbé omi wá, kò mu ún. Ó yẹ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wò, kò tíì jóná. Ó yọ bíléèdì tuntun nínú ọ̀rá, ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ ọ̀tún mú sípánà, ó já bọ́, ó tún un mú, ó tún já bọ́. Ó wá na sípánà náà sí Tiwa.

“Gbà. Bá mi fún nọ́ọ̀tì yẹn.”

Kò pè é ní Dókítà. Tiwa fún nọ́ọ̀tì náà bó ṣe júwe fún un. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó sì mú rọ́bà dúdú nì jáde nínú dúrọ́ọ̀, èyí tó ti fọ̀, tó sì ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yẹn. Muideen wò ó pẹ́.

“Abẹ́ ẹ̀ ni kó o fi sí,” ló wí.

Wọ́n tẹ rìmóòtù. Tiwa ń retí kí ó kùn, kí ó gbọ̀n, kí ó ké gàràgàrà. Kò ṣe ọ̀kankan níbẹ̀. Atẹ́gùn tútù ń jáde jẹ́ẹ́, bíi ti ilé Stephanie gan-an.

“Mo sọ fún ẹ,” Muideen wí. “Rọ́bà ni.”

Tiwa kúnlẹ̀. “Uncle, ẹ foríjì mí.”

“Mò ń gbìyànjú. Kò tíì tán nínú mi.” Ó fi ọwọ́ òsì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ ṣèkà. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, tí wọ́n ń fìyà rẹ̀ jẹ ẹlòmíràn, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí ìwọ̀nba ìgbà tí Tiwa fi dúró ní fèrèsé ni wọ́n fi ba ọwọ́ ọlọ́wọ́ jẹ́. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá Tiwa di báyìí. Kì í pariwo mọ́. Tí Tiwa bá jókòó láti kàwé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà kì í jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ kan kà.