Èèkàn Tó Wọ Oko Ọ̀ṣuntọ́lá

Bí ẹ bá mọ Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá ará Ìlódè ní Ifẹ̀, tí ẹ sì mọ Bàbá Lágúnjú ará Modákẹ́kẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ìdí iná kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti máa ń jẹun ọ̀sán. Oko kòkó wọn pààlà lẹ́yìn Ẹdúnàbọ̀n. Ọ̀ṣuntọ́lá ló ń mú iṣu wá, Lágúnjú ló ń mú epo àti iyọ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

“Bàbá Hakeem, ṣé epo tí a máa fi jẹ iṣu lo pè ní èyí, àbí èyí tí o fẹ́ fi kun ẹsẹ̀?” Ọ̀ṣuntọ́lá á bi Lágúnjú.

“Bàbá Fọláyọ̀, iṣu rẹ ló kéré. Epo mi ò fẹ́ dójú tì í.”

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bú ara wọn títí iṣu yóò fi tán. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ mọ̀ pé irú ọ̀rẹ́ báyìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìlú méjèèjì ti bá ara wọn jà rí, ilé sì ti jó rí. Nígbà ìjà yẹn, àwọn méjì yìí ò fojú kan ara wọn rárá. Nígbà tó parí, inú oko ni wọ́n ti pàdé, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn lọ́dún yìí fi bà mí nínú jẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Fọláyọ̀, ọmọ Ọ̀ṣuntọ́lá, ló bímọ sí Àkúrẹ́. Bàbá ní òun máa lọ lo ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ jókòó de èrò fún wákàtí méjì. Èkejì bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n sì dúró sínú oòrùn. Nígbà tó fi máa débẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wú. Bí ọjọ́ mẹ́ta ṣe di ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn, torí pé ẹ̀rù ìrìn àjò àbọ̀ ń bà á.

Ọjọ́ Ajé tó padà sóko, ó rí nǹkan tí kò rí rí. Èèkàn igi ni, tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ lórí. Ó ti inú oko Lágúnjú wá, ó sọdá ààlà, ó sì wọ inú oko tirẹ̀ tààrà. Ó kà á, ó jẹ́ méje.

Lágbègbè tiwa, bí èèkàn bá ti wọ oko ẹnì kan, ohun kan ṣoṣo ló máa ń wá sọ́kàn rẹ̀: wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ òun.

“Torí pé mo lọ wo ọmọ-ọmọ mi?” ni Bàbá ń sọ fún ara rẹ̀. “Lágúnjú! Ìwọ!”

Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fa èèkàn méjèèje tu, ó sì jù wọ́n sínú igbó.

Lágúnjú náà ní tirẹ̀ nínú. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó rí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan tí wọ́n dé akoto, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wo ọ̀ọ́kán. Ó bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Wọ́n ní, “Bàbá, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa,” wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ó wá ronú pé Ọ̀ṣuntọ́lá ló rán sọ́fíyọ̀ wá láti tún ààlà fà, pé ìyẹn kàn fi ìrìn àjò Àkúrẹ́ bojú ni. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Kò pè é. Nígbà tó sì wá rí i pé wọ́n ti fa àwọn èèkàn náà tu, ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti lọ rì wọ́n síbòmíì.”

Ẹ má bínú sí mi, àwa àgbà lè gọ̀ nígbà míì. Ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè kan ì bá yanjú, a ó gbé e mì bí òògùn kíkorò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n pàdé lójú ọ̀nà oko.

“Ẹ káàbọ̀ o,” Lágúnjú ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ẹ kú ìrìn.”

Ó dun Ọ̀ṣuntọ́lá ju èèkàn lọ. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ló ń fi ẹ̀yin kí i bí àlejò.

“Ẹ ṣeun,” lòun náà dáhùn.

Oníkálùkù dáná tirẹ̀. Ọ̀ṣuntọ́lá jẹ iṣu láìsí epo, Lágúnjú sì jókòó ti epo rẹ̀, kò rí nǹkan fi jẹ ẹ́.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó Ọ̀ṣuntọ́lá ló kọ́kọ́ kíyè sí i nílé.

“Bàbá Fọláyọ̀, iṣu tí ẹ ń mú lọ sóko ń padà wálé ní ààbọ̀. Kí ló dé?”

Ó sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà tẹ́tí títí ó fi parí.

“Ṣé ẹ ti bi í léèrè?”

“Kí ni mo fẹ́ bi olè?”

“Ẹ má pè é lólè o! Lọ́jọ́ tí mo ń rọbí Fọláyọ̀, tí ẹ ò sí nílé, ta ló fi kẹ̀kẹ́ gbé mi dé ọsibítù? Ẹ bi í léèrè.”

Bàbá mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọ oko wá. Ó dé akoto lé hìjáábù, ó sì wọ bàtà òjò. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá nínú ewé kòkó gbígbẹ.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Sùmáyà ni orúkọ mi, ọmọ Ìpetumodù ni mí. Mo wà lára àwọn tó ń gbèrò ọ̀nà rélùwéè tuntun. A ri èèkàn méje síbí, a ò rí wọn mọ́.”

“Ẹ̀yin lẹ rì í?” Ohùn Bàbá lọ sílẹ̀. “Kì í ṣe Lágúnjú?”

“Ta ni Lágúnjú, sà?”

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sùmáyà rò pé àìsàn ló dé, ó sì na omi inú ike rẹ̀ sí i.

“Èmi ni mo fà wọ́n tu,” Bàbá sọ nígbẹ̀yìn. “Wọ́n wà nínú igbó lọ́hùn-ún.”

“Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́, sà. Àwa náà jẹ̀bi. Ó yẹ ká ti wá yín rí ká tó wọ oko yín.” Ó jókòó tì í. “Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Èèkàn yẹn kì í ṣe ààlà, kò sì gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ojú irin lè gbà la ń wò, láti Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀, kó sì kọjá lọ sí Àkúrẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta la fà sórí máàpù. A ò tíì mú ìkankan.”

“Àkúrẹ́?” Bàbá gbójú sókè. “Ṣé mo lè lọ wo ọmọ-ọmọ mi kí n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?”

“Bó bá rí bí a ṣe ń rò ó, ẹ ó gbé ọmọ-ọmọ yín lọ́sàn-án, ẹ ó sì sùn nílé yín lálẹ́. Àwọn tó ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì náà yóò rí ọ̀nà gbà. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, sà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún yìí.”

“Oko mi wá ńkọ́?”

“Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá yín. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìlà lórí pépà, ó ṣeé yí. Bí wọ́n bá ti to irin tán, ta ló máa gbé e kúrò? Ìpàdé wà ní Ìpetumodù lọ́jọ́bọ̀. Gbogbo ẹni tí ìlà kan oko rẹ̀ ni kó wá forúkọ sílẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Bó bá padà wá gba ibí yìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ ni wọ́n máa mọ̀ láti fún ní owó gbà-má-bínú. Ẹ mú ìwé oko yín dání.”

“Ìwé kẹ̀? Bàbá mi ló gbin oko yìí, kò sì mọ̀wé. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní. Ẹ mú ẹni tí ẹ jọ pààlà wá kó jẹ́rìí yín. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára.”

Bàbá wo oko rẹ̀ yíká. Odò ló wà lápá kan. Lápá kejì, ẹni tó ni ibẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ wà l’Ékòó, kò sì mọ ojú oko. Ẹ̀yìn oko, igbó ni. Lágúnjú nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí pé ilẹ̀ yìí, ti Ọ̀ṣuntọ́lá ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá gun ọ̀kadà lọ sí Modákẹ́kẹ́. Lágúnjú ṣẹ̀ṣẹ̀ kirun Alásárì tán ni, ó ṣì jókòó lórí ẹní. Ọ̀ṣuntọ́lá na gbalaja mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún.

“Há! Kí lò ń ṣe? Dìde! Èmi àti ìwọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ni?”

“Mo pè ọ́ lólè lọ́kàn mi, Bàbá Hakeem. Mo tún pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ìyàwó mi.”

Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀, títí dórí Sùmáyà àti ìpàdé ọjọ́bọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ Lágúnjú.

“Astagfirullah,” ó ní. “Èmi náà rò pé ìwọ lo rán wọn láti wá gé lára oko mi. Mo bá ọ jà nínú mi títí oorun fi dá lójú mi. Dárí jì mí.”

Àwọn méjèèjì nu ojú wọn, oníkálùkù ń ṣe bíi pé eruku ló kó sí i. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wà lẹ́nu Ọ̀ṣuntọ́lá ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé e mì. Ó dágbére, ó lọ sílé láìsọ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ìpàdé kún. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé dìde, ó ní ọ̀kan nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gé ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ abúlé ń gbà lọ síléèwé. Wọn ò dá a lẹ́kun. Wọ́n ní kó wá fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí i lórí máàpù, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìlà náà bá wọlé, ọ̀nà abẹ́ ojú irin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ó wá kan Ọ̀ṣuntọ́lá. Lágúnjú jókòó tì í.

“Ìwé oko ńkọ́, sà?” Sùmáyà bi í.

“Kò sí.”

“Ẹlẹ́rìí yín ńkọ́?”

Bàbá wolẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó, Sùmáyà gbé bírò dúró, ojú àánú ló fi ń wo Bàbá.

“Bàbá Fọláyọ̀,” Lágúnjú sọ, “wọ́n ń bi ọ́ léèrè ẹlẹ́rìí rẹ. Ṣé mo ti kú ni?”

Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká.

“Èmi ni ẹlẹ́rìí. Pèrègún mọ́kànlá ló wà lórí ààlà wa. Bàbá rẹ̀ gbin mẹ́fà, bàbá mi gbin márùn-ún. Ìkẹrin láti ìdí odò kú lọ́dún kan tí ọ̀dá dá, èmi àti ọkùnrin yìí la jọ gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀. Apá tó kọjú sí odò, tirẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Sùmáyà kọ ọ́ sílẹ̀. “Ẹlẹ́rìí tiyín náà ńkọ́, Bàbá?”

“Òun náà ni, bí kò bá tíì tún bínú,” Lágúnjú dáhùn.

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣuntọ́lá ò rẹ́rìn-ín, omi ti gba ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Lágúnjú bi í pé, “O wá sílé mi, o jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Kí ló dé tí o ò sọ pé o nílò ẹlẹ́rìí?”

“Bí mo bá sọ ọ́, o lè rò pé torí ẹ̀ ni mo ṣe wá bẹ̀ ọ́.”

Lágúnjú dúró. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá rí èèkàn tàbí àmì pupa nínú oko yín tàbí lára ògiri yín, ẹ má fà á tu, ẹ má sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀, kí ẹ sì lọ wádìí wọn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, ẹ lọ, tọkùnrin tobìnrin, kí ẹ sọ ibi tí sàréè wà, ibi tí kànga wà, ibi tí àwọn ọmọ ń gbà lọ síléèwé. Àwọn tó ń ya máàpù ò lè mọ ohun tí ẹ ò bá sọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó kọ orúkọ yín, ẹ̀tàn ni. Rélùwéè máa ṣe wá láǹfààní, ó máa so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbèrò rẹ̀ ni ohùn wa wúlò jù.

Ẹ tọ́jú ìwé oko bí ẹ bá ní in. Ṣùgbọ́n ìwé lè jóná, ìkán sì lè jẹ ẹ́. Ẹni tí ẹ jọ pààlà, tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ lọ kí i lónìí, kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀.