Ojú Ìwé Tí Rúùtù Fò

Kó. Kó. Kó.

Nǹkan kan ń kan òpó tó gbé ilé ìwòsàn Ẹ̀bùté Jákọ́bù dúró lórí omi. Rúùtù dá ìwé tó ń kà dúró, ó tẹ́ etí sílẹ̀.

"Máa kà á lọ, ọmọ mi," ni Màmá Hánà wí. "Pákó pósí ni. Láti ọjọ́ Sátidé tí òkun ti jẹ itẹ́ òkú wa lọ ni wọ́n ti ń léfòó kiri abẹ́ ilé."

Màmá Hánà, ẹ̀gbọ́n bàbá Rúùtù, ni olùtọ́jú ìlera kan ṣoṣo tí abúlé náà ní. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń gbẹ̀bí, tó sì ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò rí ìwé wẹ́wẹ́ kà mọ́. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́rú tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá gbé ìwé ìmọ̀ tuntun dé láti Igbókòdá, Rúùtù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ni í kà á fún un, tí í sì túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn olùṣèwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nípa àìsàn àti oògùn ló máa ń wà nínú rẹ̀.

"Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ ti hu irùngbọ̀n," Màmá a máa fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. "Bí n kò bá fi tuntun kún un, abẹ tó ti dípẹtà ni n ó máa fi gé ìwọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ìwé ọjọ́ náà sọ̀rọ̀ oògùn tuntun kan tó wà nínú túùbù kékeré. Kí wọ́n máa fi pa ìwọ́ ọmọ tuntun, kí ó má baà kẹ̀. Páálí oògùn náà gan-an ti bá ọkọ̀ dé. Inú Màmá ń dùn.

Bí Rúùtù ṣe fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì, ẹnì kan súfèé láti inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n nísàlẹ̀. Ọlọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

"Rúùtù! Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fíìmù ní Ugbonla o! Àbí o ti di dókítà ni?"

Rúùtù wo ojú ìwé kejì. Òyìnbó inú rẹ̀ gùn bí okùn àwọ̀n. Ó pa ìwé náà dé.

"Ó tán síbẹ̀, Màmá."

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán."

Kó, ni pákó abẹ́ ilé wí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí Màmá ti ń pín oògùn náà fún àwọn ìyá ọmọ tuntun, kùrukùru bo òkun. Kì í ṣe irú èyí tí oòrùn ń tú ká. Lọ́sàn-án gangan, èèyàn kò rí ilé tó kángun sí tirẹ̀. Iná gáàsì àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì nìkan ló hàn lójú agbami, ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Inú kùrukùru yìí ni Moríkẹ́ ti gbé Pétérù, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá, wọlé tọ Màmá Hánà wá. Ọmọ náà ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó funfun bí ojú ẹja tí a sè.

Màmá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. "Moríkẹ́, kí lo fi sí ọmọ lójú?"

"Mi ò fi nǹkan kan sí i, Màmá. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ wá ọkọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni ká gbé e lọ."

Ṣùgbọ́n Bàbá Olówòkéré, àgbà apẹja tí gbogbo awakọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, mi orí. "Ta ni yóò tukọ̀ wọ inú èyí? Àwọn òkú wa kò ní ilẹ̀ tí wọn yóò sùn sí mọ́. Wọ́n ń rìn nínú kùrukùru, wọn kò rọ́nà ilé. Ojú tí wọn yóò fi ríran ni wọ́n ń wá kiri."

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi pákó kan fèrèsé tó kọjú sí òkun pa. Àwọn ìyá ń fi ìborùn bo ojú ọmọ wọn kí wọ́n tó gun afárá pákó. Abúlé dákẹ́, àfi kó, kó, kó lábẹ́ ilé.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n gbé Pétérù wá gan-an ni Rúùtù yọ́ lọ ṣí ojú ìwé kejì. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Ìwọ́ nìkan ni oògùn yìí wà fún. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ìyá, ó lè fọ́ ojú. Bí ó bá ṣèèṣì kan ojú, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ojú láìfi falẹ̀."

Rúùtù tún un kà. Ó mọ ìṣe àwọn ìyá Ẹ̀bùté Jákọ́bù. Bí wọ́n bá fún omi ọyàn sí ìwọ́ ọmọ, wọn a fún un sí ojú náà. "Ohun tó tu ìwọ́ lára yóò tu ojú lára," ni wọ́n máa ń wí. Lójú Moríkẹ́, èyí kì í ṣe fífi nǹkan sí ọmọ lójú rárá, ara ìwẹ̀ ọmọ ni. Kò búra èké.

Rúùtù sọ ọ́ fún Ọlọ́lá. Ọlọ́lá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ta ló bi ọ́? Àwọn òkú ti gba ẹ̀bi náà, òkú kì í sì í rojọ́. Ta ni yóò sanwó ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì rẹ? Màmá tí o parọ́ fún?"

Rúùtù dákẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n tara ọmọ ọlọ́mọ ni ìdákẹ́ tirẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kìíní kọjá. Ọjọ́ kejì kọjá. Kùrukùru kò ká.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá rán an lọ sọ́dọ̀ Jọọlá, tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ó lọ wo bí ara ọmọ ti rí. Rúùtù gun afárá. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró, ẹsẹ̀ náà dúró. Ó rìn, ẹsẹ̀ náà rìn. Bóyá pákó tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ló ń gbéra padà. Kò bojú wẹ̀yìn láti mọ̀. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà Jọọlá.

Jọọlá jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí itan. Túùbù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fi àtàńpàkò òsì la ojú ọmọ.

"Rúùtù, káàbọ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yìí ló lẹ ojú rẹ̀ pọ̀. Mo fẹ́ fi díẹ̀ sí i. Àwọn tó ń rìn kiri yẹn kò ní rí ojú ọmọ tèmi gbà."

Ó ṣeé ṣe kí Rúùtù já túùbù náà gbà, kí ó sì tún wá irọ́ mìíràn pa. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ojú ọmọ náà, dúdú minijọ, tó ń wo òun.

"Má fi sí i!"

Ó gbá ọwọ́ Jọọlá. Oògùn ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n wà lẹ́yìn rẹ ni?"

"Kì í ṣe òkú, Àǹtí Jọọlá," ni Rúùtù wí, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni."

Kò dúró síbẹ̀. Ó lọ mú ìwé náà, ó kà á sókè lójú Màmá, lójú Moríkẹ́, lójú Bàbá Olówòkéré. Bàbá Olówòkéré ló kọ́kọ́ dìde.

"Bó bá jẹ́ oògùn ni, kí la jókòó tì? Ẹ gbé ọmọ náà wá." Òun fúnra rẹ̀ ló tukọ̀ wọ inú kùrukùru.

Dókítà ojú gba ojú ọ̀tún Pétérù là. Ti òsì ti lọ. "Ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ gbé e dé..." ó wí, kò sì parí rẹ̀.

Moríkẹ́ yíjú sí Rúùtù. "Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí o ti mọ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, mà."

Moríkẹ́ kò lù ú, kò bú u. Ó kàn yí ẹ̀yìn sí i.

Màmá Hánà gba ilé dé ilé lọ kìlọ̀ fún àwọn ìyá. Kò di gbogbo ẹ̀bi ru Rúùtù. "Ọmọdé ni mo gbé iṣẹ́ ojú mi lé lọ́wọ́," ó ń wí. "Oògùn tí n kò mọ òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kì bá tí fi fún ẹnikẹ́ni." Ó ra gíláàsì ojú, ó sì ń fúnra rẹ̀ ka ìwé. Ní ọjọ́rú, gbogbo ìyá ló ń jókòó gbọ́ ìwé náà báyìí, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ padà, kí ó lè dá Màmá lójú pé ó yé wọn. Owó ìdánwò Rúùtù bá ìtọ́jú Pétérù lọ; ọdún kan gbáko ló fi dúró wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo wa la ń ṣe àṣìṣe. Irọ́ tí a fi bò ó ló ń sọ ọ́ di òfò. Ìmọ̀ tuntun sì dà bí omi mímu ní etí òkun: ẹni tí a rán láti gbé e wá fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀mí kò gbọdọ̀ da ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà.

Pétérù ti ń rìn. Lórí afárá pákó, apá òsì ló máa ń fì sí, nítorí kò rí i pé omi wà níbẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀, Rúùtù a lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, a sì bá a rìn dé òdìkejì. Moríkẹ́ ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Kò tíì bá Rúùtù sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò pe ọmọ náà padà.